Kúkì Lórí Ìkànnì Oníṣòwò Kékeré: Òfin Wo Ló Dé Kùmásì?

Kò dìgbà téèyàn bá wọ ọkọ̀ dé Bonwire kó tó ra ojúlówó kẹ́ńtè mọ́. Abúlé àwọn ahunṣọ náà kò jìnnà sí Kùmásì ní Gánà, àmọ́ oníbàárà tó wà ní Ìbàdàn tàbí Lọ́ńdọ̀nù lè jókòó sílé, kó ṣí ìkànnì oníṣọ́ọ̀bù kan ní Adum, láàrin ìlú Kùmásì, lórí fóònù rẹ̀, kó yan àwọ̀ tó wù ú, kó sanwó, kó sì máa retí ẹrù. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Suame Magazine lè ní ìkànnì tirẹ̀. Agbẹ́gilére Ahwiaa lè ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí.

Ohun tí oníbàárà sábà máa ń kọ́kọ́ rí kì í ṣe aṣọ. Àpótí kékeré kan ló máa ń yọ láti ìsàlẹ̀ ojú fóònù, tó máa sọ pé ìkànnì yìí ń lo kúkì kí ìbẹ̀wò yín lè dùn mọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ “Mo gbà”. Oníbàárà á tẹ̀ ẹ́ láì kà á, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ni ìkànnì gan-an lè má mọ ohun tí àpótí náà wà fún. Ẹni tó bá a ṣe ìkànnì ló fi í síbẹ̀, torí pé ó ti rí i lórí ìkànnì àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá.

Ṣé dandan ni kí oníṣòwò kékeré ní Kùmásì gbé ìkéde yìí síta? Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Gánà kò dárúkọ kúkì níbì kankan. Nǹkan mẹ́ta ló lè sọ ọ́ di dandan: ohun tí ìkànnì náà ń fi sínú fóònù àlejò, ìlú tí àlejò náà wà, àti ilé-iṣẹ́ tí oníkànnì ń bá da òwò ìpolówó pọ̀. Ẹni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá kàn lè yọ àpótí náà kúrò lónìí, kó sì lo àkókò rẹ̀ fún ohun tí òfin ìlú rẹ̀ béèrè ní tòótọ́.

Bí kúkì ṣe dé

Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Lou Montulli ló dá kúkì orí ayélujára sílẹ̀ ní 1994, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Netscape. Ìṣòro tó fẹ́ yanjú rọrùn láti lóye. Nígbà yẹn, ìkànnì kì í rántí ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn bá mú bàtà kan sínú apẹ̀rẹ̀ ọjà, tó wá ṣí ojú ìwé mìíràn láti wo fìlà, ìkànnì á ti gbàgbé pé ó mú bàtà. Ta ló fẹ́ ṣòwò pẹ̀lú alájàpá tí kì í rántí ohun tí oníbàárà mú lọ́wọ́?

Montulli ní kí ìkànnì máa fi ọ̀rọ̀ kékeré kan pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà àlejò, kí kọ̀ǹpútà náà sì máa fi í hàn nígbàkígbà tó bá padà wá. Ó dà bíi káàdì ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà lásán ló wà lára káàdì. Fáìlì tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sí wà lọ́dọ̀ ilé ìwòsàn. Bí aláìsàn bá mú káàdì dé, wọ́n á fa fáìlì yọ, wọ́n á sì mọ ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé. Kò sẹ́ni tí ìyẹn ń bí nínú.

Ohun tó ń bí àwọn èèyàn nínú ló tẹ̀ lé e. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìpolówó rí i pé bí àwọn bá lè fi kóòdù tiwọn sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkànnì, káàdì kan ṣoṣo ni wọ́n máa fún àlejò, wọ́n á sì máa kà á níbi gbogbo tó bá yà sí: níbi tó ti ka ìròyìn, níbi tó ti wo bàtà, níbi tó ti wá oògùn àìsàn tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní 12 February 1996, ìwé ìròyìn Financial Times gbé ọ̀rọ̀ náà síta, ariwo sì bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn òfin ti ń gbìyànjú láti ya oríṣi méjì sọ́tọ̀: kúkì tí ìkànnì fi ń ṣe iṣẹ́ tí àlejò bẹ̀ ẹ́, àti kúkì tí ẹlòmíì fi ń ṣọ́ àlejò kiri.

Ẹ ṣí i, kí ẹ wò ó

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè mọ ohun tí ìkànnì rẹ̀ ń fi sọ́wọ́ àlejò láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Kó ṣí Chrome, kó ṣí ojú fèrèsé tí kì í tọ́jú ìrántí, èyí tí wọ́n ń pè ní Incognito, kó sì tẹ àdírẹ́sì ìkànnì náà. Kó má tẹ “Mo gbà” o, kó má tẹ ohunkóhun mìíràn. Kó wá tẹ F12, kó yan Application, kó sì wo abẹ́ Cookies ní apá òsì. Àtòkọ kan á jáde: orúkọ kúkì kọ̀ọ̀kan, ìkànnì tó ni ín, àti ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ máa pé.

Ká ní ìsọ̀ kẹ́ńtè kan ní Adum ni, tí wọ́n fi WordPress àti WooCommerce kọ́. Bí àlejò bá fi aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀, woocommerce_items_in_cart àti woocommerce_cart_hash á yọjú. Àwọn ló ń rántí ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta wọn, tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wp_woocommerce_session, ló ń so àlejò mọ́ apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ kí ti ẹlòmíì má bàa bọ́ sí i lọ́wọ́. Láìsí àwọn wọ̀nyí, kò sí títà.

Kí ojú wá lọ sísàlẹ̀ díẹ̀: _ga nìyẹn. Google Analytics ló ń fi í síbẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àlejò mọ̀ ni, ọdún méjì sì ni wọ́n fún un. _fbp tẹ̀ lé e. Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, ló ni ín, oṣù mẹ́ta ló ń lò, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí aṣọ tí àlejò wò lè máa bá a dé Facebook àti Instagram gẹ́gẹ́ bí ìpolówó. Bí fídíò YouTube bá wà lójú ìwé àkọ́kọ́, Google tún lè fi mìíràn kún un.

Àlejò kò sì tíì tẹ ohunkóhun! Àpótí ṣì wà nísàlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ, bẹ́ẹ̀ _ga àti _fbp ti wọlé, wọ́n ti jókòó. Irú ìkéde bẹ́ẹ̀ burú ju kó má sí rárá lọ. Ó ń sọ fún àlejò pé ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ wà nígbà tí kò sí níbẹ̀, ó sì ń jẹ́rìí lòdì sí oníkànnì pé ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè kí òun tó ṣe é.

Ohun tí òfin Gánà sọ

Òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí jù ní Gánà ni Data Protection Act, ìyẹn Act 843 ti 2012. Òun ló dá Data Protection Commission sílẹ̀, àjọ tó ń rí sí bí àwọn ilé-iṣẹ́ àti èèyàn ṣe ń lo ìsọfúnni ara ẹni. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà ti 1992, tí abala kejìdínlógún rẹ̀ dáàbò bo àṣírí ilé, dúkìá àti ìbánisọ̀rọ̀ ọmọ ìlú.

Èèyàn lè ka Act 843 látòkè délẹ̀ kó má rí kúkì níbẹ̀. Ohun tó máa rí ni abala ogún, tó sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lo ìsọfúnni ara ẹni láì kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ín, àfi tó bá jẹ́ pé àdéhùn tí onítọ̀hún wọ̀ ló béèrè fún un, tàbí òfin ló pa á láṣẹ, tàbí ó pọn dandan fún àǹfààní tó tọ́ tí ẹni tó ń lò ó ń lépa, àti ìdí méjì-mẹ́ta mìíràn. Ìsọfúnni ara ẹni, lójú òfin náà, ni èyí tí wọ́n lè fi dá èèyàn kan mọ̀, yálà láti ara rẹ̀ nìkan tàbí tí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ ohun mìíràn tó wà lọ́wọ́ ẹni tó kó o jọ.

Ibẹ̀ ni kúkì ti lè bọ́ sábẹ́ òfin náà. Nọ́ńbà inú apẹ̀rẹ̀ ọjà nìkan kò sọ ẹni tí àlejò jẹ́. Ṣùgbọ́n tí àlejò bá ra aṣọ, tó kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà MoMo rẹ̀ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀, tí wọ́n sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ kiri, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹ̀rọ, ó ti di ti èèyàn kan pàtó. Apẹ̀rẹ̀ ọjà dúró lórí àdéhùn rírà, kò sídìí láti gba àṣẹ lórí rẹ̀. Èyí tó ń lé oníbàárà kiri pẹ̀lú ìpolówó ló yẹ kí oníkànnì lè wí tẹnu rẹ̀ lé lórí bí wọ́n bá bi í.

Òfin yìí kan náà le gan-an níbi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò fọkàn sí. Abala ogójì kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìsọfúnni èèyàn ṣe ìpolówó tààrà láìjẹ́ pé onítọ̀hún ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní kíkọ sílẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tó ń kó nọ́ńbà oníbàárà jọ láti orí ìkànnì, tó sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ “ọjà tuntun ti dé” jí wọn ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, wà nínú ewu tó ju ti kúkì lọ.

Ìforúkọsílẹ̀ tún wà níbẹ̀. Act 843 ní kí ẹni tó bá ń kó ìsọfúnni ara ẹni jọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Data Protection Commission, kó sì máa sọ ọ́ dọ̀tun ní ọdún méjì-méjì. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ tó sì ń lo ìsọfúnni àwọn èèyàn lè san owó ìtanràn tó tó 250 ẹyọ ìtanràn. Sídì 12 ni ẹyọ kan, nítorí náà 3,000 sídì ni gbogbo rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí méjèèjì papọ̀. Ìsọ̀ tó gbé ìkéde kúkì aláràbarà síta tí kò sì tíì forúkọ sílẹ̀ ti pa òfin ìlú rẹ̀ tì, ó ń wárí fún òfin ìlú oníìlú.

Òfin tó ń bá oníbàárà rìn

Yúróòpù ni ìlú oníìlú náà. Ní 2002, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní ePrivacy Directive. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2009, wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi nǹkan pamọ́ sínú ẹ̀rọ ẹlòmíì, tàbí kó ka ohun tó wà nínú rẹ̀, láì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ ni èyí tí iṣẹ́ tí àlejò fúnra rẹ̀ béèrè kò lè ṣe láìsí i, bí apẹ̀rẹ̀ ọjà. Nígbà tí òfin kejì, GDPR, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 25 May 2018, ó sọ irú ìyọ̀ǹda tó jẹ́ ìyọ̀ǹda: èyí tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fún, tó yé e, tó sì lè gbà padà.

Ilé-iṣẹ́ ọmọ Jámánì kan, Planet49, dán ìyẹn wò. Ó ṣètò tẹ́tẹ́ oríire lórí ayélujára, ó sì ti bá àwọn tó fẹ́ ta á fa ìlà sínú àpótí ìyọ̀ǹda kúkì kí wọ́n tó dé. Ẹni tí kò bá fẹ́ ni yóò lọ pa ìlà náà rẹ́. Ní 1 October 2019, ilé-ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá a lẹ́jọ́ pé àpótí tí ẹlòmíì ti bá èèyàn fa ìlà sí kì í ṣe ìyọ̀ǹda onítọ̀hún. Òfin náà kò sì yọ ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀.

Báwo ni èyí ṣe kan Kùmásì? GDPR mú ẹni tí kò sí ní Yúróòpù náà, bí ó bá ń ta ọjà tàbí iṣẹ́ fún àwọn tó wà níbẹ̀, tàbí bí ó bá ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kí ẹnì kan ní Hamburg kàn ṣàdédé ṣí ìkànnì mẹkáníìkì Suame kò tó. Àmọ́ ìsọ̀ kẹ́ńtè tó kọ iye ọjà rẹ̀ ní Yúrò, tó sì sọ iye tí wọ́n máa san láti gbé ẹrù dé Amsterdam, ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó ń bá ṣòwò. Àwọn ọmọ Gánà pọ̀ ní Hamburg, Amsterdam àti Lọ́ńdọ̀nù, àwọn sì ni irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá.

Ìlú Ọba kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n kò sọ òfin kúkì rẹ̀ nù. Èyí tó ti wà níbẹ̀ láti 2003 ṣì wà. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 19 June 2025, Data (Use and Access) Act, dẹ okùn díẹ̀ fún ẹni tó kàn fẹ́ ka iye àlejò kó lè tún ìkànnì ara rẹ̀ ṣe, bí ó bá sọ fún wọn tó sì jẹ́ kí wọ́n lè kọ̀. Òfin yìí kan náà ló gbé owó ìtanràn tó ga jù lórí kúkì dé mílíọ̀nù 17.5 pọ́n-ùn tàbí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù.

Òfin Gánà fúnra rẹ̀ tún ti ilẹ̀kùn ibi tí oníkànnì lè sá sí. Abala kejìdínlógún Act 843 ní bí wọ́n bá fi ìsọfúnni ẹni tó wà ní ilẹ̀ òkèèrè ránṣẹ́ sí Gánà pé kí wọ́n lò ó níbẹ̀, ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òfin ilẹ̀ tí ìsọfúnni náà ti wá.

Ti ìhà ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Òwò láàrin Kùmásì àti ilẹ̀ Yorùbá ti pẹ́. Kí ìjọba Kofi Busia ní Gánà tó pàṣẹ ní 18 November 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kó jáde, àwọn Yorùbá oníṣòwò pọ̀ nínú ọjà Kùmásì. Lónìí, oníbàárà Èkó tàbí Ìlọrin lè ra kẹ́ńtè láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Gánà, òfin Nàìjíríà á sì bá a dé orí ìkànnì náà. Nigeria Data Protection Act, tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní 12 June 2023, kan ẹni tí kò gbé ní Nàìjíríà bí ó bá ń lo ìsọfúnni ẹni tó wà níbẹ̀. Ṣáájú òfin náà, ìlànà tí NITDA, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni, gbé jáde ní 2019, tí wọ́n sì ṣàlàyé sí i ní 2020, gbà pé bí àlejò bá rí ìkéde kúkì tó yéni yékéyéké, tó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ lórí ìkànnì náà, ó ti yọ̀ǹda nìyẹn. Òfin 2023 yàtọ̀: ó ní ìdákẹ́ tàbí àìṣe nǹkan kan kì í ṣe ìyọ̀ǹda.

Ta ni pàṣán ń bà?

CNIL, àjọ tó ń rí sí ìsọfúnni ara ẹni ní ilẹ̀ Faransé, ló ń na pàṣán yìí jù. Ní December 2020, ó bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 100 Yúrò lé Google, ó sì bu mílíọ̀nù 35 lé Amazon, torí pé wọ́n ń fi kúkì ìpolówó sínú ẹ̀rọ àwọn èèyàn láì gba àṣẹ. Ní January 2022, ó kéde mílíọ̀nù 150 fún Google àti 60 fún Facebook. Ẹ̀sùn ìgbà yẹn ni pé títẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti tó láti gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ̀ ní láti tẹ ibi púpọ̀. Ní September 2025, ó tún dé: mílíọ̀nù 325 fún Google, 150 fún Shein.

Kò sí ìsọ̀ Adum nínú wọn. Ẹni tó bá ń fi mílíọ̀nù wọ̀nyí dẹ́rù ba oníṣòwò kékeré kó lè ta ohun èlò ìkéde fún un, ọjà tirẹ̀ ló ń ná. Àmọ́ kò tọ́ láti sọ pé kékeré kò rí ìjà rí. Ní January 2022, ilé-ẹjọ́ kan ní Munich, ní Jámánì, ní kí ẹni tó ni ìkànnì kan san 100 Yúrò fún àlejò kan. Kí ló ṣe? Ó lo irú lẹ́tà tó ń wá tààrà láti Google Fonts, nígbàkígbà tí àlejò bá sì ṣí ìkànnì náà, nọ́ńbà IP ẹ̀rọ rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ Google ní Amẹ́ríkà. Láìpẹ́, àwọn oníkànnì kékeré kiri Jámánì àti Austria bẹ̀rẹ̀ sí í gba lẹ́tà tó ń béèrè owó lọ́wọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. 170 Yúrò ni wọ́n ń béèrè nínú ọ̀pọ̀ èyí tó dé Jámánì. Kò sí kúkì kankan nínú ẹjọ́ náà. Ìkéde kúkì tó dára jù láyé kò lè gba ẹni náà sílẹ̀, torí pé kóòdù ẹlòmíì tó wà lójú ìwé rẹ̀ ló kó bá a.

Fún ẹni tó ń kọ ìròyìn eré bọ́ọ̀lù tàbí oúnjẹ síse láti Kùmásì, tó ń fi AdSense, ètò ìpolówó Google, pawó, ọ̀dọ̀ Google gan-an ni àṣẹ ti ń wá, kì í ṣe ilé-ẹjọ́. Láti 16 January 2024, Google ti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ìpolówó òun han àwọn tó wà ní agbègbè ètò ọrọ̀ ajé Yúróòpù tàbí Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ lo ohun èlò ìyọ̀ǹda tí òun ti fọwọ́ sí. Switzerland tẹ̀ lé wọn ní 31 July ọdún yẹn. Ẹni tí kò bá ṣe é kò ní rí ọlọ́pàá, àmọ́ owó ìpolówó tó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹkàwé wọ̀nyẹn lè gbẹ. Àwọn òǹkàwé náà sì wà lára àwọn tí àwọn olùpolówó ń sanwó gidi lé lórí.

Yíyọ ló yá ju gbígba àṣẹ lọ

Ní 17 December 2020, GitHub, ilé-iṣẹ́ tí ọ̀kẹ́ àìmọye àwọn tó ń kọ kóòdù káàkiri ayé ń lò, kéde pé òun ti yọ gbogbo kúkì tí kò pọn dandan kúrò lórí ìkànnì òun. Nat Friedman, ọ̀gá àgbà ibẹ̀ nígbà náà, ṣàlàyé pé òfin béèrè fún ìkéde kìkì nígbà tí ìkànnì bá ń lo kúkì tí kò pọn dandan. Wọ́n yọ kúkì, ìkéde sì bá a lọ.

Ó rọrùn fún ìsọ̀ kékeré ju GitHub lọ, torí pé ohun tó máa yọ kò pọ̀. Google Analytics ńkọ́? Ọ̀pọ̀ oníkànnì kàn fẹ́ mọ iye èèyàn tó wọlé ni, ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìkànnì wọn sí lè ti máa ka iye náà fún wọn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun èlò kan tó ń jẹ́ Matomo ṣeé tò kó máa kà láì lo kúkì. Meta Pixel, kóòdù tó ń fi _fbp síbẹ̀, ńkọ́? Ẹni tí kì í sanwó ìpolówó lórí Facebook kò rí èrè gidi kan lára rẹ̀; Meta ló ń bá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Àwòrán kan tí wọ́n so mọ́ fídíò YouTube lè rọ́pò fídíò tó ń ṣí fúnra rẹ̀. Àwọn lẹ́tà Google Fonts ṣeé gbà wálẹ̀ kí wọ́n máa ti orí ìkànnì náà jáde. Bọ́tìnnì WhatsApp tó jẹ́ ìlà ìsopọ̀ lásán kì í fi nǹkan kan sára àlejò títí yóò fi tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó padà sí F12. Bí ó bá ku kìkì kúkì apẹ̀rẹ̀ ọjà àti ti ìwọlé, àpótí kò wúlò mọ́, ì báà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni oníbàárà wà. Ojú ìwé àṣírí kúkúrú, tó sọ ohun tí ìsọ̀ náà ń kó jọ, ìdí rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n lè kàn sí, ti tó.

Bí ìsọ̀ náà bá ń sanwó ìpolówó lórí Facebook láti wá oníbàárà ní Ìlú Ọba tàbí Jámánì, kí ó fi ìkéde tòótọ́ síbẹ̀. Ìyẹn kò wọ́pọ̀. Àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n yẹ 10,000 ìkànnì tó gbajúmọ̀ jù ní Ìlú Ọba wò, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2020, rí i pé nínú àwọn tó ń lo ohun èlò ìyọ̀ǹda márùn-ún tó wọ́pọ̀ jù, ìdá 11.8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló kúnjú ìwọ̀n tó kéré jù tí òfin Yúróòpù béèrè. Wọ́n tún rí i pé bí wọ́n bá gbé bọ́tìnnì “Mo kọ̀” kúrò lójú ìwé àkọ́kọ́, iye àwọn tó ń gbà máa ń fi nǹkan bí ìdá méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ìkéde tòótọ́ ni èyí tí “Mo kọ̀” tóbi tó “Mo gbà”, tí méjèèjì wà lójú kan náà, tí kò sí ìlà tí wọ́n ti bá àlejò fà, tí _ga àti _fbp kò sì wọlé títí àlejò yóò fi gbà. Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro: kí oníkànnì tẹ “Mo kọ̀”, kó wá wo F12 bóyá wọ́n wà níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mẹkáníìkì tó kàn kọ àdírẹ́sì, àkókò iṣẹ́ àti nọ́ńbà fóònù sórí ìkànnì rẹ̀, tí kò fi kóòdù ẹlòmíì síbẹ̀, kò nílò ìkéde kankan. Ìsọ̀ tó ń tà láàrin Gánà nìkan, tó sì ń lo Google Analytics, kò rí òfin ìlú rẹ̀ tó pàṣẹ àpótí náà fún un. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó sọ ọ́ kedere lójú ìwé àṣírí rẹ̀, kó sì gba ìyọ̀ǹda tó wà ní kíkọ kó tó fi ìpolówó ránṣẹ́ sí fóònù ẹnikẹ́ni. Ìsọ̀ tó ń ta fún Yúróòpù pẹ̀lú Meta Pixel, àti ẹni tó ń jẹun láti ara AdSense, kò lè yẹ ìkéde náà sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ìkànnì fún un, kí ó béèrè àtòkọ kúkì kọ̀ọ̀kan kó tó san owó tó kù: orúkọ rẹ̀, ẹni tó ni ín, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti iye ọjọ́ tó ń lò. Kí àwọn méjèèjì jọ ṣí i nínú Incognito, kí wọ́n fi àtòkọ náà wé ohun tí F12 fi hàn, kí wọ́n yọ èyí tí kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Kí wọ́n wá gbé àtòkọ tó kù sí ojú ìwé àṣírí, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ìsọ̀ náà lọ́dọ̀ Data Protection Commission sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.